Mọ́tò Tí Kò Ráyè Mí

Upper Sakponba, Benin City
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, 2024

Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Morọ́láyọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àfaradà àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ṣé orúnkún Màmá ti rọlẹ̀? Èmi wà, ara mi le, inú mi nìkan ni kò dùn.

Ẹ ní bí inú bá ń bí mi kí n má pè yín lórí fóònù mọ́, torí mo máa ń pariwo, ẹ̀yin náà a sì máa sunkún. Ẹ ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé, kí n fi rán Ọláoyè awakọ̀, kí ibínú mi lè tutù lójú ọ̀nà kó tó dé Ìta-Ògbólú. Ó dáa. Mo ti kọ ọ́. Kò tíì tutù.

Mọ́tò Ọ̀gá Ọlájídé ni. Láti ọdún mẹ́rin tí ẹ ti mú mi wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, tí ẹ fọwọ́ síwèé gẹ́gẹ́ bí oníduùró mi, mi ò fẹjọ́ wọn sùn yín rí. Iṣẹ́ irin, iṣẹ́ fáíbà, iṣẹ́ ọ̀dà, kò sẹ́ni tó lè dúró tì wọ́n ní gbogbo Benin. Mọ́tò eré sísá tí wọ́n ti ń fọwọ́ ara wọn kọ́ láti ọdún mọ́kànlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ìjókòó méjì péré ló ní, ó rẹlẹ̀ débi pé ajá lè fò ó kọjá, ó sì pupa bí ẹyìn tó pọ́n. Ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ tó lágbára ni wọ́n gbé sí i. Àwọn èèyàn ń ti Ugbor, àdúgbò àwọn olówó, wá yàwòrán nídìí ẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé mọ́tò náà kò ráyè mí. Atẹ́gùn ń gba iwájú wọlé, ó ń gba àárín rédíétọ̀ kọjá, ó dé ilé ẹ́ńjìnnì, kò rí ibi jáde. Ọ̀gá ti fi irin pẹlẹbẹ dí gbogbo ìsàlẹ̀. Wọ́n wá dé bọ́nẹ́ẹ̀tì lé e lókè, bọ́nẹ́ẹ̀tì tí kò ní ihò kan ṣoṣo, tí wọ́n fi oṣù márùn-ún ha tí ó fi ń dán bíi dígí. Ẹ ṣáà ronú yàrá tí ẹ ṣí fèrèsé kan tí ẹ ti gbogbo ìyókù pa. Ṣé atẹ́gùn á fẹ́ níbẹ̀? Atẹ́gùn tuntun gan-an kò ní wọlé mọ́, torí ti àná ṣì wà nílé.

Èyí tó tún burú jù ni ètò inú rẹ̀. Páìpù iná, tí èéfín gbígbóná ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde, wà lápá òsì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni Ọ̀gá gbé bátìrì sí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà ni ike ọ́ìlì bíréèkì wà. Ọ́ìlì bíréèkì ò ṣeé gbé kúrò, torí apá òsì ni awakọ̀ ń jókòó. Ṣùgbọ́n a lè fi irin dínà ooru fún un, a sì lè gbé bátìrì lọ sẹ́yìn ìjókòó. Ọ̀gá kọ̀. Wọ́n ní tí àlejò bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, apá ọ̀tún gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní, kò sì gbọdọ̀ rí páànù tàbí wáyà gígùn kankan. Nítorí fọ́tò! Bí ọ́ìlì yẹn bá hó, Àǹtí, ẹ lè fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì títí, ńṣe ni yóò máa rì sílẹ̀ bí ẹní tẹ ẹrẹ̀. Mọ́tò ò ní dúró.

Mo sọ fún Ọ̀gá. Wọ́n ní, “Níyì, ṣé géèjì ń parọ́ ni? Ṣé o rí i kó gòkè?” Òótọ́ ni, kò gòkè. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe ń dán an wò? Bọ́nẹ́ẹ̀tì á wà nílẹ̀ lórí aṣọ kó má bàa ha, àwa á tan ẹ́ńjìnnì lábẹ́ igi. Ọdún mọ́kànlá, a ò tíì fi bọ́nẹ́ẹ̀tì lé e tàn án rí! Bí gbogbo mẹkáníìkì ṣe ń ṣe nìyẹn: ṣí i, tàn án, dẹtí sí i. Ta ló wá ń wa mọ́tò ní bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣíṣí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n máa ń gbọ́ tiyín.

Àbúrò yín,
Adéníyì


Ìta-Ògbólú
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kejì, 2024

Níyì,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Orúnkún Màmá kò rọlẹ̀. Mo ka ìwé náà sí wọn létí, wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá mọ́tò ló bí ọ. O kọ odindi ojú ìwé méjì nípa atẹ́gùn, o kọ ìlà kan nípa ìyá rẹ.

Mi ò ní bá Ọ̀gá sọ nǹkan kan. Kí ni kí n sọ? Pé ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ní A, B, D ní ilé-ìwé wa níbí ti wá mọ mọ́tò ju ẹni tó ń kọ́ ọ lọ? Ọ̀gá Ọlájídé ni alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Benin. Ohun tí wọ́n bá sọ nípa rẹ lówùúrọ̀, ó ti dé ààfin kó tó di ọ̀sán.

Oṣù mẹ́ta ló kù kí o gba fírídọ̀ọ̀mù. Ìwé àdéhùn wà nínú àpótí mi. Mo tún un kà lánàá: “Bí ọmọ iṣẹ́ bá ṣàfojúdi sí ọ̀gá rẹ̀, tàbí tó ba ohun ìní ọ̀gá rẹ̀ jẹ́, gbogbo ọdún tó ti lò di òfo.” Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, kì í ṣe tìrẹ. Bí Ọ̀gá bá ní dúdú ni, sọ pé dúdú ni. Tí o bá gba òmìnira tán, kọ́ mọ́tò tìrẹ, kí o lu ú níhò bí ajọ̀, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́.

Dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Ṣé ìyẹn náà pọ̀ jù?

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Morọ́láyọ̀


Upper Sakponba, Benin City
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹta, 2024

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé ìpara tí wọ́n ń fẹ́ wà nínú ọ̀rá tí Ọláoyè gbé wá. Kí wọ́n fi pa á láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìlà mẹ́ta nìyẹn.

Mo dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan bí ẹ ṣe wí. Lọ́jọ́ Sátidé mo gé òwú funfun wẹ́wẹ́, mo fi téèpù lẹ̀ wọ́n sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí n lè rí ibi tí atẹ́gùn ń gbà. Ọ̀gá dé, wọ́n wò ó, wọ́n wò mí.

“Níyì, irun lò ń dì fún mọ́tò yẹn?”

“Rárá, sà. Mo fẹ́ rí ọ̀nà atẹ́gùn ni.”

“Ó dáa. Ẹ bá a ra ìlẹ̀kẹ̀ wá, kó sín in sí i nídìí irun!”

Gbogbo ọgbà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí a gbé e jáde, bọ́nẹ́ẹ̀tì lórí, fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀gá ń wakọ̀, èmi ń wo òwú. Ní ìdá mẹ́ta àkọ́kọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn rédíétọ̀, òwú ń dìde bíi pé ẹnì kan ń fà á sókè. Ibẹ̀ ló yẹ ká luhò sí, torí atẹ́gùn òde á máa fa ooru jáde. Nítòsí gíláàsì, òwú lẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Bí a bá luhò síbẹ̀, ńṣe ni atẹ́gùn á máa wọlé padà. Ẹ wò ó, kì í ṣe orí kunkun. Mo fojú mi rí i.

A ò lò tó ogún ìṣẹ́jú. Géèjì gòkè. Nígbà tí a padà dé, bíréèkì ti ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ Ọ̀gá, mo rí i bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ léraléra. Wọ́n ní gosìlóò ló fà á.

Lọ́jọ́ Sunday wọ́n mú Pásítọ̀ wá gbàdúrà sí i. Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, àdúrà sì gùn. Nígbà tí wọ́n ṣí i, Pásítọ̀ da òróró sínú rẹ̀, ó bọ́ sórí páìpù gbígbóná, èéfín sọ! Pásítọ̀ ní, “Ẹ̀mí ìdènà ń jáde!” Gbogbo wọn ní Halelúyà. Mo ní, “Pásítọ̀, òróró yín ló ń jó.”

Àǹtí, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n dúró síbẹ̀. Mi ò dúró. Mo ní, “Ọ̀gá, bí ẹ bá wa mọ́tò yìí lọ sọ́nà jíjìn, ó máa jóná.”

Ìyàwó Ọ̀gá gbé ọwọ́ lérí. Osagie tó ń ṣe wáyà fún wa fà mí lẹ́wù, ó ní, “Níyì, close your mouth. Na your oga be that.”

Mi ò sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́.

Adéníyì


Ìta-Ògbólú
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹta, 2024

Adéníyì,

Kí lo fi ẹnu rẹ sọ?

Ṣé o tiẹ̀ mọ ohun tí o gbé ka orí ara rẹ? Lójú Pásítọ̀, lójú ìyàwó ilé, lórí mọ́tò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta òróró sí! Bí mọ́tò yẹn bá jóná lọ́la, kò sẹ́ni tó máa bi atẹ́gùn léèrè. Adéníyì ló sọ ọ́, Adéníyì ló ṣe é. Ẹni tó ní ilé á jó ni wọ́n ń wá bí ilé bá jó. Bí táyà lásán bá jò, ẹnu rẹ ni. Àlàyé ni lójú rẹ. Lójú gbogbo ayé, èpè ni.

Ọ̀gá pè mí nígbà tí mo wà nínú kíláàsì. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, “Morọ́láyọ̀, àbúrò rẹ fẹ́ kí n kú sínú ohun tí mo fi ọdún mọ́kànlá kọ́.” Mo kúnlẹ̀ lójú àwọn ọmọ pírámárì kẹrin, fóònù létí, mo ń bẹ̀ wọ́n. Àwọn ọmọ náà kúnlẹ̀. Wọ́n rò pé àdúrà ni.

Ọ̀gá ní àwọn gbọ́. Wọ́n ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ni àwọn máa ṣe fírídọ̀ọ̀mù rẹ, nílé níbí, ní gbọ̀ngàn ìjọ, kí gbogbo ìlú lè rí i. Àwọn fúnra wọn ló máa wa mọ́tò náà láti Benin wá, kí ó lè hàn pé kò jóná. Èmi oníduùró rẹ ni màá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo dúpẹ́.

Lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀gá. Kí o kó ọ̀rọ̀ rẹ jẹ.

Morọ́láyọ̀


Benin City
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹta, 2024

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo ti dọ̀bálẹ̀. Mo ní kí wọ́n má bínú sí ẹnu mi. Wọ́n ní kí n dìde. Mo dìde, mo tún sọ pé bátìrì ò gbọdọ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n jáde.

Ẹ má wọ mọ́tò náà. Ẹ wọ ọkọ̀ Ọláoyè. Ẹ wọ ọkọ̀ iṣu. Ẹ fẹsẹ̀ rìn.

Adéníyì


Benin City
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹrin, 2024

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àjíǹde Olúwa tó kọjá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lé, mi ò rí èsì. Ọláoyè ní òun fún yín ní ìwé mi lọ́wọ́ lọ́wọ́, pé ẹ kà á níwájú òun, ẹ sì ká a sínú ìró.

Ṣé ẹ ń bínú ni? Ẹ bínú. Ṣùgbọ́n ẹ fèsì. Ọ̀gá ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ pé ẹ̀ ń bọ̀. Wọ́n ti ra aṣọ tuntun bo ìjókòó tí ẹ máa jókòó sí. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù yìí wọ́n tún gbé mọ́tò jáde, wọn ò mú mi dání. Nígbà tí wọ́n dé, mo gbé ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, ike rẹ̀ ti ń tẹ̀. Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n ní ike kì í lágbára mọ́ láyé òde òní.

Wákàtí mẹ́rin ni Benin sí ilé, nínú oòrùn. Ẹ dákun.

Adéníyì


Ìta-Ògbólú
Ọjọ́ kẹta, oṣù Karùn-ún, 2024

Níyì,

Mi ò fèsì torí mi ò mọ ohun tí mo lè kọ tí o máa gbọ́.

O ní kí n má wọ mọ́tò. Kí ni kí n wí fún Ọ̀gá? Pé ara mi ò yá? Wọ́n á ní ìwọ lo kọ́ mi. Bí mo bá kọ̀, mo ti sọ lójú ìlú pé mo gbà pẹ̀lú rẹ, pé ẹni tí mo fi ọ́ sí lọ́wọ́ fẹ́ pa mí. Fírídọ̀ọ̀mù rẹ kú nìyẹn, ọdún mẹ́rin lọ, Màmá á sì máa gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ọjà. Ìwọ mọ ohun tó wà nínú mọ́tò. Èmi mọ ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún ni mo máa dé Benin. Màá jókòó síbẹ̀, Níyì. Ẹ̀rù ń bà mí, torí mo mọ̀ pé o kì í purọ́. Ṣùgbọ́n màá jókòó síbẹ̀.

Má kọ̀wé sí mi mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Morọ́láyọ̀


Ogida, Benin City
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Karùn-ún, 2024

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ ní kí n má kọ̀wé mọ́. Mo kọ ọ́ ná. Ẹ wo òkè ìwé yìí, ẹ óò rí i pé mi ò sí ní Upper Sakponba mọ́. Ọ̀dọ̀ Ọláwálé ọmọ ìlú wa tó ń ta táyà ní Ogida ni mò ń sùn.

Lọ́jọ́ Sunday, nígbà tí Ọ̀gá àti ará ilé wọn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gé bọ́nẹ́ẹ̀tì náà.

Mi ò gé e bí wèrè. Mo wọn ibi tí òwú ti ń dìde, mo fi pẹ́ńsùlù fàlà sí i, ihò gígùn mẹ́fà, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Mo fi gíráńdà gé e, mo fi fáìlì ha etí wọn kó má ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Mo yọ irin tó dí ìsàlẹ̀ lápá ẹ̀yìn. Mo tẹ páànù kan, mo fi dínà láàárín páìpù iná àti ọ́ìlì bíréèkì. Mo gbé bátìrì lọ sẹ́yìn ìjókòó, mo dè é mọ́lẹ̀, mo fa wáyà rẹ̀ gba inú rọ́bà. Ojú ara mi ni mo ń wò nígbà tí mo kọ́kọ́ fi irin kan ọ̀dà yẹn. Àwòrán ara mi ni mo ń gé nínú rẹ̀, Àǹtí, ó dán tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo ṣe tán, mo gbé àpótí, mo jókòó tì í. Mi ò sá.

Ọ̀gá dé nínú aṣọ funfun. Wọ́n fi ìka tọ ihò kìíní, wọ́n tọ èkejì, títí dé ẹkẹfà. Wọ́n wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ́ìlì pẹ̀lú aṣọ funfun yẹn. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìgbájú. Wọn ò gbá mi.

“Oṣù márùn-ún, Níyì.”

“Mo mọ̀, sà.”

“O mọ̀ ọ́n, o sì gé e.”

“Àǹtí mi ló fẹ́ jókòó síbẹ̀, sà.”

Wọn ò wò mí. Wọ́n ní, “Kó ẹrù rẹ. Kò sí fírídọ̀ọ̀mù. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó wá bá mi.”

Ìwé àdéhùn sọ ọ́, mo sì ṣe é: mo ba ohun ìní ọ̀gá mi jẹ́. Ọdún mẹ́rin di òfo. Ẹ bá mi bẹ Màmá. Mi ò lè bẹ̀ yín, torí tó bá tún di àtúnṣe, màá tún gé e.

Ṣùgbọ́n ẹ lè wọ mọ́tò náà báyìí.

Àbúrò yín,
Adéníyì


Ìta-Ògbólú
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún, 2024

Níyì mi,

Mo dé Benin lọ́jọ́ kẹrìnlélógún, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ má wá sí Ogida. Bí mo bá rí ọ, bóyá kí n nà ọ́, bóyá kí n dì mọ́ ọ, mi ò mọ èwo.

Mo kúnlẹ̀ fún Ọ̀gá. Wọ́n ní, “Dìde, a ń lọ láàárọ̀.” Mo ní, “Lọ síbo, sà? Ṣebí kò sí fírídọ̀ọ̀mù mọ́?” Wọ́n ní àwọn ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sílé pé àwọn ń bọ̀, àwọn kì í yẹhùn. Wọn ò kun etí àwọn ihò náà. Ó funfun lára pupa bí egbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a gbéra. Mo ń rí ooru bó ṣe ń gbọ̀n jáde lójú ihò níwájú gíláàsì, mo sì ń ronú ibi tí ìbá wà. Ní Ifọ́n wọ́n dúró, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ di ike ọ́ìlì bíréèkì mú. Mo kà dé ogún, ọwọ́ wọn ṣì wà níbẹ̀, kò jó wọn. Wọ́n pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, wọ́n ní, “Hmm.” Nígbà tí a dé òkè Ọ̀wọ̀, mọ́tò náà kàn lọ́ra, ó ń mí hẹ̀ẹ̀ hẹ̀ẹ̀ bíi Màmá, ṣùgbọ́n géèjì ò gòkè, a sì gùn ún.

Gbọ̀ngàn kún. Mo ti múra láti dìde tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ìlú. Ọ̀gá gba gbohùngbohùn. Wọ́n ní, “Ọmọ iṣẹ́ mi ba bọ́nẹ́ẹ̀tì mi jẹ́ láìgba àṣẹ. Mi ò tíì dárí jì í.” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Wọ́n tún ní, “Mo gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé láyọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló gbé wa dé. N kò lè kọ́ ọ ní nǹkan mìíràn. Morọ́láyọ̀, wá gba ìwé ọmọ rẹ.”

Èmi ni mo kúnlẹ̀ ní ipò rẹ. Wọ́n fi oyin tọ́ mi lẹ́nu, wọ́n gbé sípánà lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní èmi kò ní fi iṣẹ́ yìí ṣòfò. Pírámárì kẹrin mi wà lójú fèrèsé, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo sunkún, Níyì, sípánà lọ́wọ́.

Ìwé rẹ wà nínú àpótí mi. Mi ò ní fi rán Ọláoyè. Ọ̀gá wà nílé títí di Sunday. Wá dọ̀bálẹ̀ fún wọn kí o tó gbà á.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Morọ́láyọ̀


Ogida, Benin City
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún, 2024

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi kúnlẹ̀. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Màá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi á kan ilẹ̀, torí mo ba ohun ẹlẹ́wà jẹ́, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ṣùgbọ́n ẹ ní mọ́tò náà lọ́ra lórí òkè Ọ̀wọ̀. Ibi tí Ọ̀gá gbé asẹ́ atẹ́gùn ẹ́ńjìnnì sí ni. Ẹ̀yìn rédíétọ̀ ló wà, atẹ́gùn gbígbóná ló ń mu. Ẹ má sọ fún wọn o. Tí mo bá dìde nílẹ̀, èmi fúnra mi ni màá sọ fún wọn.

Àbúrò yín,
Adéníyì